Owó Ẹ̀kọ́ Ọmọ: Èlé Ni Kí Á Ná, Kí Ojú Owó Dúró

Ọmọ á yege WAEC àti JAMB, owó ìwọlé á sì dá a padà sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ní 1938, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ibibio dáwó jọ, wọ́n rán ọmọ wọn mẹ́fà lọ kàwé lókè òkun. Nítòsí wa, àwọn tó jáde ní Christ's School, Adó-Èkìtì, tí Dallimore dá sílẹ̀ ní 1933, ní ẹgbẹ́ tiwọn.

Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó bá gbọ́n kì í ná ojú owó ẹ̀kọ́. Wọ́n á fi í ṣòwò, èlé rẹ̀ ni wọn ó fi sanwó ilé ìwé ọmọ tó mókè. Ẹni tó jẹ èbù iṣu rẹ̀ tán, kí ni yóò gbìn lẹ́ẹ̀rùn?

Máàkì ni wọ́n ń wò, wọn kì í wojú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kiri ọjà tó gba ọgọ́ta, àti ọmọ olówó tó ní tíṣà nílé tó gba àádọ́rin, ta ló gbìyànjú jù? Ó yẹ kí á wo ipò òbí mọ́ máàkì.

Ẹ tọ́jú èsì ìdánwò ọmọ yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí ẹ tó gba owó, ẹ sá fún un. Ní ìpàdé Ìpótì tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká jíròrò: kí la lè yọ sọ́tọ̀ nínú èrè ọdún wa?