Ojúṣe Ẹni Tí Ó Ní Adójútòfò Ìlera

Ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ọlá, ní Èjìgbò àti agbègbè rẹ̀, gbogbo wa ni a mọ èésú. Iye tí a bá dá ni a ó kó nígbà tí ó bá kàn wá. Nítorí náà, bí àwọn kan bá san owó adójútòfò ìlera, tí ọdún sì yípo láìsí àìsàn, wọ́n a rò pé owó àwọn ti ṣòfò, wọ́n a sì dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe èésú. Owó ẹni tí ara rẹ̀ le ni a fi ń tọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò yá; bí àìsàn bá kan òun náà lọ́la, owó àwọn ẹlòmíràn ni a ó fi tọ́jú rẹ̀.

Ọdún 2005 ni Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ní pẹrẹu. Òfin ọdún 2022 sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ilé iṣẹ́ adójútòfò ìlera tirẹ̀. Àwọn ará wa tí ń bẹ ní Àbíjàn pàápàá mọ irú rẹ̀: owó sẹ́fà 1,000 ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù níbẹ̀.

Kí ni ojúṣe wa?

Èkíní, kí á máa san owó lásìkò, kí á sì tọ́jú rìsíìtì.

Èkejì, kí á sọ òtítọ́ nípa orúkọ, ọjọ́ orí àti àwọn ará ilé wa. Nínú ètò òṣìṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀, òṣìṣẹ́, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ni a ń kọ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí á kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tí a yàn. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti kọ ìwé tí a ó mú lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, àfi bí ọ̀ràn bá jẹ́ pàjáwìrì.

Ẹ̀kẹrin, kí á bèèrè ohun tí ètò náà kó mọ́ra àti èyí tí kò kó mọ́ra. Nínú ètò òṣìṣẹ́ yìí kan náà, aláìsàn ni ó ń san ìdá 10 nínú 100 owó oògùn.

Ẹ̀karùn-ún, kí á má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní káàdì wa. Àánú lè sún wa ṣe é, ṣùgbọ́n àìsàn ẹlòmíràn ni wọn yóò kọ sínú fáìlì wa, dókítà sì lè tipa bẹ́ẹ̀ fún wa ní oògùn tí yóò pa wá lára.

Bí ilé ìwòsàn bá sì ń gba owó lórí ohun tí a ti san tẹ́lẹ̀, ẹ̀tọ́ wa ni láti fi ẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì ètò náà. Ọmọ ẹgbẹ́ ni wá, a kì í ṣe alágbe. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.