Ṣé o mọ̀? Aṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ hun kó tó di mọ́tò

Ṣé o mọ̀ pé èédú ló wà nídìí àwọn mọ́tò tó wọ́n jù láyé? Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dì sápò tà lẹ́bàá títì láàárín Fìdítì sí Ìlorà o, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹni tó ń sun èédú a máa fi erùpẹ̀ bo igi, kí atẹ́gùn má baà ráyè wọlé. Bó bá wọlé, eérú ni yóò bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń sun òwú káábọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe ara àwọn mọ́tò yìí nínú iná tó gbóná ju 1,000°C lọ, níbi tí atẹ́gùn kò dé, títí yóò fi ku èédú nìkan.

Ṣé o mọ̀ pé fọ́nrán rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ? 3,000 fọ́nrán ni wọ́n ń kó jọ di òwú kan ṣoṣo nínú irú tí wọ́n ń pè ní 3K. Òwú yìí ni wọ́n ń hun: á fo méjì, á gba abẹ́ méjì. Ahunṣọ Ìsẹ́yìn kò ní í ṣe àjèjì sí i. Dúdú tó ń kọ mọ̀nà lára mọ́tò náà, ojú aṣọ ni, àwọn olówó kan kì í sì í jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀dà bò ó. Lójú tèmi, aṣọ yẹn ni wọ́n ń sanwó fún ju ẹ́ńjìnnì lọ.

Ṣé o mọ̀ pé inú fíríìsà ni wọ́n ń tọ́jú aṣọ náà sí bí ẹja? Àtè ti wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí nínú òtútù, á gan kí wọ́n tó lò ó. Wọ́n á tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele, wọ́n á fi ọ̀rá wé e bí mọ́ínmọ́ín, wọ́n á fa atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, ó di inú ààrò.

Irú ààrò yẹn ni Horacio Pagani, ọmọ Ajẹntínà, ní kí Lamborghini, iléeṣẹ́ mọ́tò tó ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà, rà. Wọ́n kọ̀, wọ́n ní Ferrari gan-an kò ní in. Ó yáwó, ó ra tiẹ̀. Ní 1999, mọ́tò Zonda rẹ̀ jáde.

Ṣé o mọ̀ pé 106 péré ni wọ́n ṣe nínú McLaren F1, mọ́tò káábọ̀n tó yọjú ní 1992? Àárín gbùngbùn ni awakọ̀ ń jókòó, wúrà ni wọ́n sì fi bo àyè ẹ́ńjìnnì nítorí ooru.

Agbára ẹṣin 1,001 ló wà nínú Bugatti Veyron ti 2005, mọ́tò káábọ̀n mìíràn. Àwọn ará Ọ̀yọ́ Ilé tó fi ẹṣin jagun ìbá bèèrè ẹni tí yóò máa já koríko fún wọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà náà ti gbìyànjú ẹ̀? Jerry Mallo fi káábọ̀n ṣe ara mọ́tò eré sísá kan ní Jos, ó gbé e jáde ní 2019, ó pè é ní Bennie Purrie.

Ṣùgbọ́n bí mọ́tò káábọ̀n bá forí gbá nǹkan, má wulẹ̀ pe àwọn tó ń lu páànù. Kì í tẹ̀, ńṣe ló ń fọ́. Irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sì súnmọ́ ilẹ̀ débi pé bọ́ǹpù kan ṣoṣo lè há a mọ́lẹ̀. Bí ọ̀kan bá sì dúró ra ọsàn ní Fìdítì, ìwọ náà wá ibi tí wọ́n máa gbé apẹ̀rẹ̀ sí.