Bí A Ó Ṣe Ṣe Áísìkiriìmù Àárín Kéèkì Láìsí Fìríìsà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pe ìsinmi oṣù Agẹmọ àti Ògún ní sọ́mà, bẹ́ẹ̀ òjò ló ń rọ̀ nígbà náà. Àwa tí a wà ní Kàdúná níbí mọ ìgbà tí ooru ń mú ní tòótọ́: oṣù Ẹrẹ́nà àti Igbe, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ, tí òjò kò tíì dé, tí irin bẹ́ẹ̀dì pàápàá ń gbóná mọ́ni lára lóru. Àsìkò yìí gan-an sì ni Ọjọ́ Ẹgbẹ́ Yorùbá wa máa ń bọ́ sí, ní ìparí sáà kejì.

Lọ́dún tó kọjá, owó ẹgbẹ́ la fi ra áísìkiriìmù. Kó tó dé gbọ̀ngàn, ó ti di omi dídùn. Àwọn ẹ̀gbọ́n rí díẹ̀ lá, ṣùgbọ́n omi inú ife ló kan àwọn àbúrò wa ní JS1, àwọn náà sì san owó ẹgbẹ́ bíi tiwa. Fìríìsà ilé ìdáná kò lè gbà wá: ẹja àti ẹran ilé ìwé ló kún inú rẹ̀, iná sì lè lọ láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ìdí nìyí tí ìgbìmọ̀ fi ní kí n kọ bí a ó ṣe ṣe tiwa fúnra wa lọ́dún yìí.

Olùkọ́ kan ti bi mí pé, kí ló kan ẹgbẹ́ Yorùbá nínú áísìkiriìmù? Ìbéèrè náà dára. Èsì mi ni pé bí èdè wa kò bá lè ṣàlàyé ohun tí à ń jẹ lónìí, a jẹ́ pé ìtàn àná nìkan la ó máa fi pa. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ wò.

Òtútù kì í wọlé, ooru ló ń jáde

Ọ̀pọ̀ wa rò pé fìríìsà ń ki òtútù bọ nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru ló ń fà jáde. Ohun tí à ń pè ní òtútù kò ju pé ooru ti dín kù lọ. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá lè fa ooru kúrò lára mílíìkì kíákíá lè ṣe iṣẹ́ fìríìsà fún wa.

Yìnyín ń fa ooru bó ṣe ń yọ́. Ó gbọ́dọ̀ rí ooru gbà kó tó lè di omi, ara ohun tó bá sún mọ́ ọn ló sì ti ń gbà á. Ṣùgbọ́n yìnyín lásán tó ń yọ́ kì í tutù ju dígírì òdo lọ, mílíìkì tó ní ṣúgà kò sì lè dì ní òdo. Ṣúgà kì í jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ sí í dì títí yóò fi tutù tó dígírì 2 tàbí 3 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ẹ gbé e sínú yìnyín lásán títí di ọ̀la, yóò tutù o, àmọ́ kò ní dì.

Iyọ̀ ló ń yanjú ọ̀ràn náà. Tí iyọ̀ bá bọ́ sára yìnyín, ńṣe ló ń fi ipá mú un yọ́. Yìnyín tó ń yọ́ á wá máa wá ooru kiri, á gba ti ara rẹ̀, á sì gba ti ìkòkò tó wà láàárín rẹ̀. Báyìí ni omi oníyọ̀ náà ṣe ń tutù ju yìnyín tó bí i lọ. Tí iyọ̀ àti yìnyín bá pọ̀ dáadáa, wọ́n lè tutù dé dígírì 21 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ibẹ̀ ni agbára iyọ̀ inú ọbẹ̀ mọ. Nígbà tí a dán an wò ní láàbù, inú yìnyín lásán, tẹmómítà dúró sí òdo. Inú yìnyín oníyọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá 10 sí ìsàlẹ̀ òdo, níbi tí ìlà tó wà lára rẹ̀ ti parí.

Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Áísìkiriìmù ti wà kí iná mànàmáná tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Lọ́dún 1843, obìnrin kan ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Nancy Johnson, gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ẹ̀rọ áísìkiriìmù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí: agbada onígi lóde, agolo nínú, yìnyín àti iyọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí ọdún 1900, àwọn tó ń ti ọmọlanke kiri ìgboro New York ti ń ki áísìkiriìmù sáàárín bisikíìtì pẹlẹbẹ méjì, kí ẹni tó bá rà á lè máa jẹ ẹ́ lọ láìlo àwo tàbí ṣíbí. Kéèkì ni tiwa yóò fi rọ́pò bisikíìtì.

Kéèkì

Èyí tó fẹ́ yìí yóò tó ènìyàn 16: ìyẹ̀fun gíráàmù 250, ṣúgà gíráàmù 200, ẹyin 3, òróró mílílítà 180, mílíìkì olómi mílílítà 180, ṣíbí tíì méjì baking powder, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé òróró ni mo kọ, kì í ṣe bọ́tà. Bọ́tà máa ń le gbagidi nínú òtútù, eyín yóò sì máa bá kéèkì jà. Òróró kì í le bẹ́ẹ̀, kéèkì rẹ̀ á ṣì rọ̀.

Ẹ po ẹyin àti ṣúgà títí yóò fi hó tí àwọ̀ rẹ̀ yóò sì mọ́. Ẹ da òróró àti mílíìkì sí i, lẹ́yìn náà ìyẹ̀fun, iyọ̀ àti baking powder. Tí ìyẹ̀fun bá ti pò mọ́ ọn, ẹ dáwọ́ dúró, àpòjù á jẹ́ kó le. Ẹ pín in sínú tíréè méjì tí wọ́n dọ́gba, tí gígùn wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, tí ìbú wọn jẹ́ 20. Ẹ gbé e sínú ààrò ní dígírì 180 fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Tí ẹ bá ki igi ìtayín bọ̀ ọ́ tó jáde ní gbígbẹ, ó ti jinná. Kí ó tutù pátápátá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, torí kéèkì gbígbóná ni ọ̀tá àkọ́kọ́ tí áísìkiriìmù ní.

Mílíìkì

Ẹ pò ó báyìí: omi mímọ́ lítà 1, mílíìkì alátà lúbúlúbú gíráàmù 250, ṣúgà gíráàmù 150, àti ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́ta kọ́sítáàdì. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po kọ́sítáàdì kó má baà ṣe kókó. Ẹ gbé ìyókù kaná. Tó bá fẹ́ hó, ẹ da kọ́sítáàdì sí i, kí ẹ máa rò ó títí yóò fi ki, kó sì hó fún ìṣẹ́jú méjì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: àwọn màmá ilé ìdáná ni yóò dúró ti iná, àwa ni yóò yí ìkòkò.

Iṣẹ́ kọ́sítáàdì kì í ṣe adùn nìkan. Ó ń di omi inú mílíìkì mú kí yìnyín inú rẹ̀ má baà tóbi, kó má baà máa ró gìrìgìrì lẹ́nu bí iyanrìn. Ó tún gbà wá lọ́wọ́ ẹyin tútù tí àwọn kan ń lò, èyí tó lè kó àrùn inú bá odidi dọ́mítírì.

Ẹ gbé ìkòkò náà sínú omi ẹ̀rọ títí gbígbóná rẹ̀ yóò fi lọ. Ẹ má fi yìnyín tí ẹ fowó rà ṣe iṣẹ́ tí omi lásán lè ṣe.

Dídì

Yìnyín kílò 10 ni a ó rà lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lọ́jà, iyọ̀ á sì tó kílò 3. Ẹni tí kò gbọ́ Haúsá, kó ṣáà ti sọ pé “ƙanƙara” lòun fẹ́, wọn á dá a lóhùn. Ìdajì yìnyín náà ni a ó kọ́kọ́ lò. Ẹ fọ́ ọ wẹ́wẹ́ nínú àpò ìdọ̀họ.

Ẹ da mílíìkì sínú ìkòkò irin tó ní ìdérí, ẹ gbé e sínú garawa ike ńlá. Irin ń jẹ́ kí ooru kọjá wéré. Ike kì í tètè gbà fún un. Ìdí nìyí tí irin fi gbọ́dọ̀ wà nínú, kí ike wà lóde. Ẹ to yìnyín yí ìkòkò ká, ẹ wọ́n iyọ̀ lé e, yìnyín, iyọ̀, títí yóò fi ga ju mílíìkì inú ìkòkò lọ. Tí yìnyín bá jẹ́ kílò mẹ́ta, kí iyọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Kó má ga dé ìdérí o, kí iyọ̀ má baà wọlé.

Ẹ wá fi aṣọ ìbora wé garawa náà. Àwọn àbúrò mi máa ń rẹ́rìn-ín síbí yìí pé, ṣé òtútù ń mú garawa ni? Aṣọ ìbora kì í dá ooru sílẹ̀, ọ̀nà ló kàn ń dí. Lóru ọyẹ́, kì í jẹ́ kí ooru ara wa jáde. Níbí, kò ní jẹ́ kí ooru ìta wọlé.

Ẹ di etí ìkòkò mú, ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ẹ ṣí i, ẹ ha èyí tó ti dì mọ́ ara ìkòkò, kí ẹ rò ó pọ̀. Láàárín ọgbọ̀n sí márùnlélógójì ìṣẹ́jú, yóò ki bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. Ẹ fi nǹkan bo ọwọ́ o: omi oníyọ̀ yẹn lè jó ni lára bí iná.

Pípa méjèèjì pọ̀

Ẹ tẹ́ nylon mímọ́ sínú tíréè, ẹ dá kéèkì kan sí i. Ẹ tẹ́ áísìkiriìmù lé e, kó nípọn tó àtàǹpàkò, kí ẹ fi kéèkì kejì bò ó. Ẹ wé e dáadáa. Ẹ da ìyókù yìnyín àti iyọ̀ sínú àwọn nylon tí kò jò, kí ẹ so wọ́n lẹ́nu. Ẹ to díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ kúlà, ẹ gbé tíréè lé e, ẹ to ìyókù lé e lórí. Kò gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò ṣí kúlà náà fún wákàtí mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, ọ̀bẹ tí a rì bọ omi gbígbóná ni kí ẹ fi gé e: ọ̀nà mẹ́rin lóòró, mẹ́rin níbùú, ó di 16. Èyí tó bá ti yọ́, ẹ má dá a padà sínú yìnyín. Kòkòrò àìfojúrí tètè ń pọ̀ nínú mílíìkì tó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́.

Ẹ má da omi oníyọ̀ sídìí òdòdó iwájú kíláàsì, yóò pa á. Ẹ dà á sínú bàsíà fífẹ̀, kí ẹ gbé e sóòrùn. Oòrùn tó ń dà wá láàmú yìí ni yóò bá wa gbẹ ẹ́, iyọ̀ yóò sì kù nílẹ̀ tí a ó tún lò fún yìnyín lọ́jọ́ mìíràn. Kò dára fún ọbẹ̀ mọ́ o.

Garawa mẹ́rin ni yóò tó gbogbo ẹgbẹ́. Kí dọ́mítírì kọ̀ọ̀kan mú garawa kan, kúlà kan àti aṣọ ìbora kan wá. Ẹni tó bá ní orúkọ Yorùbá tó dára ju “áísìkiriìmù àárín kéèkì” lọ, kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó jù ú sínú àpótí ẹgbẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé. Àwọn JS1 ni kó kọ́kọ́ jẹ lọ́tẹ̀ yìí.