Bí Ológbò Bá Ń Sín Lójoojúmọ́

Àwọn àgbà ní bí ológìnní bá re àjò, ilé á di ilé èkúté. Àwa ará Ìsẹ́yìn mọ̀ pé òótọ́ ni. Eku a máa jẹ àgbàdo inú àká. A máa jẹ èlùbọ́. A sì máa gé òwú tí ahunṣọ fẹ́ fi hun aṣọ òkè. Nítorí náà, bí ológbò bá ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ náà kan onílé.

Bí ológbò bá sín lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, tó sì dákẹ́, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń sín lójoojúmọ́ ńkọ́? Sísín fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn. Àmì ni. Ó ń sọ fún wa pé nǹkan kan ń yọ imú ológbò lẹ́nu. Nǹkan yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ wá, ká tó wá oògùn.

ERUKU ÀTI ÈÉFÍN

Imú ológbò sún mọ́ ilẹ̀, ibẹ̀ sì ni eruku wà. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ a máa gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ ìhà Àríwá, títí kan ilẹ̀ Chad, dé ọ̀dọ̀ wa. Èéfín igi ìdáná tún wà, àti èéfín tábà, àti èéfín oògùn ẹ̀fọn. Níbi tí a ti ń hun aṣọ, fọ́nrán òwú wẹ́wẹ́ a máa fò kiri.

Bí ó bá jẹ́ eruku tàbí èéfín ni, ológbò yóò máa jẹun dáadáa, yóò sì máa ṣeré. Omi imú rẹ̀ yóò mọ́ bí omi lásán. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ kí ẹ tó gbálẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó sùn sí ìdí ààrò. Ẹ má fọ́n oògùn kòkòrò sínú yàrá tó wà. Bí sísín náà bá dínkù, ẹ ti rí ohun tó fà á nìyẹn.

OHUN TÍ ARA KỌ̀

Ẹ mọ̀ pé ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé bó bá jẹ edé, ara rẹ̀ yóò máa yún un. Ara rẹ̀ kọ edé ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara ológbò lè kọ nǹkan. Ṣùgbọ́n lára awọ rẹ̀ ni èyí sábà máa ń hàn jù, kì í ṣe ní imú. Yóò máa ha orí àti ọrùn, irun rẹ̀ yóò sì máa re. Èyí tó ń sín lásán, ohun mìíràn ló sábà ń ṣe é.

Ọ̀FÌNKÌN OLÓGBÒ

Ọ̀fìnkìn ló sábà máa ń fa sísín tí kò dáwọ́ dúró. Oríṣi kòkòrò àìfojúrí 2 ló sábà ń fà á. Ọ̀kan nínú wọn kì í kúrò lára ológbò mọ́ títí ayé. Bí ìyà bá jẹ ológbò náà, tàbí tí a gbé e lọ sí ilé tuntun, ọ̀fìnkìn náà lè padà wá.

Àmì rẹ̀ nìyí: ikun imú yóò ki, ipin yóò bo ojú, ẹnu lè dégbò, ológbò kò sì ní fẹ́ jẹun. Ọ̀fìnkìn yìí kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń ran ológbò mìíràn. Ohun tí ẹ ó ṣe nìyí:

1. Ẹ ya ológbò náà sọ́tọ̀, kí ẹ sì fún un ní abọ́ tirẹ̀.
2. Ẹ fi aṣọ mímọ́ àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nu imú àti ojú rẹ̀.
3. Ẹ fún un ní ẹja gbígbóná díẹ̀, tó ń ta sánsán. Bí ológbò kò bá gbóòórùn oúnjẹ, kì í fẹ́ jẹ ẹ́.
4. Ẹ fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ kan ológbò mìíràn.

Ẹ MÁ FÚN UN NÍ OÒGÙN ÈNÌYÀN

Ẹ fetí sí èyí dáadáa o. Ẹ má ṣe fún ológbò ní Panadol tàbí parasẹtámọ́ọ̀lù kankan. Hóró 1 péré tí ń wo orí fífọ́ fún àgbàlagbà lè pa ológbò. Ẹ̀dọ̀ wa lè borí oró inú oògùn yìí. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Oògùn náà yóò ba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ẹ̀jẹ̀ náà kò sì ní lè gbé afẹ́fẹ́ kiri ara mọ́. Àánú ni onílé rò pé òun ń ṣe, ṣùgbọ́n ikú ló fi fún un. Bí ẹnì kan bá ti ṣèèṣì fún un, ẹ má dúró de àmì kankan. Ẹ gbé e lọ bá dókítà ẹran kíákíá. Kápúsù tó ṣẹ́ kù nílé náà ò dára fún un.

ÌGBÀ TÓ YẸ KÁ WÁ DÓKÍTÀ

Ẹ lọ bá dókítà ẹran bí ológbò kò bá jẹun fún odidi ọjọ́ 1, tàbí bí ó bá ń fi ẹnu mí. Ẹ lọ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní imú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ihò imú kan ṣoṣo ló ń da ikun, bóyá èso koríko ló há sí i. Ẹ má fi igi yọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ológbò ló ṣàìsàn, ẹ má fi falẹ̀ rárá, nítorí ọ̀fìnkìn tètè ń pa á.

Fásitì Ìbàdàn ní ilé ìwòsàn àwọn ẹranko. Dókítà ẹran tún lè fún ológbò ní abẹ́rẹ́ àjẹsára tí kì í jẹ́ kí ọ̀fìnkìn yìí le púpọ̀, àti èyí tí ń dènà dìgbòlugi. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọjọ́ tí sísín náà bẹ̀rẹ̀ sínú ìwé, àti ohun tí ológbò jẹ. Ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí. Ohun tí ẹ bá kọ yóò ran dókítà lọ́wọ́.