Àfọ́kù ọkọ̀ òfuurufú lórí gbàǹjo

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi tẹlifóònù ná ọjà gbàǹjo, ẹ rọra o. Wọ́n á gbé aṣọ pupa tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ síbẹ̀, owó gọbọi, wọ́n á ní ara ọkọ̀ òfuurufú Manfred von Richthofen ni, sójà Jámánì tí wọ́n yìnbọn fún tó já bọ́ nílẹ̀ Faransé lọ́jọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1918. Òótọ́ ni pé àwọn sójà Ọsirélíà fa ọkọ̀ náà ya fún ìrántí. Ibẹ̀ gan-an lẹ̀tàn ń gbà wọlé: ta ló ka iye tí wọ́n ya? Aṣọ pupa ò sì wọ́n lọ́jà! Ẹ bi ẹni tó ń tà á: ọwọ́ ta ló ti kọ́kọ́ wà, ìwé wo ló tẹ̀ lé e látọwọ́ dé ọwọ́? Tó bá ní bàbá àgbà ló sọ fún òun, tí kò níwèé kankan, owó àkísà ni kẹ́ ẹ fi ná an.