Ebè Mélòó Lóòjọ́? Ìwọ̀n Ẹ̀kọ́ Gírámà fún Ọmọ Yorùbá tí ó ń Kọ́ Èdè Jàpáànù

Ìbéèrè kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá dáwọ́ lé kíkọ́ èdè Jàpáànù: ẹ̀kọ́ gírámà mélòó ni ó yẹ kí ènìyàn máa kọ́ lóòjọ́? Àwọn kan ń kọ́ èdè náà nítorí ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ tí ìjọba Jàpáànù ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè, àwọn mìíràn nítorí sinimá àti ìwé aláwòrán wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni yóò fi ìtara bẹ̀rẹ̀, tí yóò pín ìwé sí ojúmọ́ dọ́gbadọ́gba. Kí oṣù tó pé, ìwé ti di ìrọ̀rí. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn gan-an ni kò tọ̀nà.

Lápá Òkè-Akò níbi tí mo ti wá, ní àríwá Èkìtì, ebè ni àgbẹ̀ fi ń ka iṣẹ́ oko iṣu. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kì í dá iye ebè òòjọ́ fún ara rẹ̀ láìtíì mọ irú ilẹ̀ tí ó fẹ́ kọ. Ilẹ̀ tí òjò ti rọ̀ sí, ọkọ́ a máa wọ ibẹ̀ wẹ́rẹ́. Ní ilẹ̀ olókùúta, ogún ebè lè gba agbára ju ọgọ́rùn-ún lọ. Bẹ́ẹ̀ ni gírámà rí. Èdè tí ó ti wà lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀ ni ó ń sọ ilẹ̀ di rírọ̀ tàbí líle fún un, àwọn tí ó sì kọ ìwé ìkọ́ni èdè Jàpáànù kò fi ọmọ Yorùbá sọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú Minna no Nihongo, ìwé tí ó gbajúmọ̀ púpọ̀. Ẹ̀kọ́ 25 ni ó wà ní apá kìíní, 25 mìíràn wà ní apá kejì. Nínú àwọn ẹ̀kọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí ó rọ̀ fún wa pọ̀. "Hon" lè jẹ́ ìwé kan tàbí ìwé púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí "ìwé" tiwa. Bí ó jẹ́ èmi ni, bí ó jẹ́ ìwọ ni, bí ó jẹ́ àwọn ni, "taberu" ni "jẹ", kò yí padà nítorí olùwà. Ní ti ohùn, bí ará Tokyo bá gbé sílébù àkọ́kọ́ "hashi" sókè, igi tí wọ́n fi ń jẹun ni. Bí ó bá gbé èkejì sókè, afárá ni. Ta ni yóò ṣàlàyé èyí fún ẹni tí ó mọ igba, igbá àti ìgbà? Ọmọ Èkìtì tilẹ̀ ní èrè kan lé e: Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi "u" bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, ṣùgbọ́n àwa tí a ń pe ilé ní "ulé", kí ni yóò ṣòro fún wa nínú "umi", òkun, àti "ushi", màlúù? Irú ẹ̀kọ́ báyìí, ènìyàn lè kọ́ méjì lóòjọ́ láìláàgùn.

Ibi tí òkúta wà ni ètò gbólóhùn. "Mo ra ìwé ní ọjà" yóò di "Ichiba de hon o katta". Ọjà ni ó ṣáájú, "de" tí ó ń ṣe iṣẹ́ "ní" tẹ̀ lé e, ìwé tẹ̀ lé e, "o" tí ó jẹ́ àmì àbọ̀ tẹ̀ lé ìwé, ọ̀rọ̀-ìṣe wá kẹ́yìn. Ìyísódì pàápàá, ìdí ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń lẹ̀ mọ́: "kau" ni "rà", "kawanai" ni "kì í rà". Ní ẹ̀kọ́ 22, "ìwé tí mo rà lánàá" di "kinō katta hon", ìwé tí ọ̀rọ̀ dá lé sì dé gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá lo ọjọ́ mẹ́rin lórí ẹ̀kọ́ yìí nìkan kò ṣe ọ̀lẹ.

Ẹ̀kọ́ 14 ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ó rọ̀ níhà kan, ó le níhà kejì. Ibẹ̀ ni a ti ń kọ́ ẹ̀dà ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó parí sí "te" tàbí "de". "Motte kuru" túmọ̀ sí "mú wá": "motte" ni mímú, "kuru" ni wíwá. Ẹni tí ó ti kọ́ nípa àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ní kíláàsì wa yóò mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìrísí rẹ̀ ni ìjà: "kau" di "katte", "kaku" di "kaite", "nomu" di "nonde", "hanasu" di "hanashite", "iku" sì ya ọ̀nà tirẹ̀, ó di "itte". Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pa ara dà báyìí. Nítorí náà, ọjọ́ kan tó fún ìtumọ̀. Ìrísí yóò gba bí ọjọ́ márùn-ún, ọ̀wọ́ kan lóòjọ́.

Àtúnkọ́ ńkọ́? Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, tẹ ìwé jáde lórí iyè àti ìgbàgbé. Ara rẹ̀ ni ó fi dán an wò, pẹ̀lú àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀. Ó rí i pé kíkà 38 tí ó pín sí ọjọ́ mẹ́ta ṣe iṣẹ́ tí kíkà 68 lọ́jọ́ kan ṣoṣo ṣe. Kí a má lọ jìnnà, àwọn baba wa ní ìwọ̀n ọjọ́ tí ó bá èyí mu: ọrún, ìsán àti ìtàdógún. Ohun tí o kọ́ lónìí, tún un yẹ̀ wò lọ́la, kí o tún padà sí i ní ọjọ́ karùn-ún, ní ọjọ́ kẹsàn-án, àti ní ọjọ́ kẹtàdínlógún. Àlàfo wọn ń fẹjú síwájú sí i bí ọ̀rọ̀ náà ti ń rinlẹ̀. Bí àtúnkọ́ mẹ́ta bá pàdé lọ́jọ́ kan, má ṣe fi ẹ̀kọ́ tuntun kún un.

Ẹ̀kọ́ 49 àti 50 ni ó parí apá kejì, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni wọ́n dá lé. Ìdí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé "Ẹ jẹun". Ṣùgbọ́n arọ́pò-orúkọ ni àwa fi ń bọ̀wọ̀. Àwọn a máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀. "Meshiagaru" ni jíjẹ ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, "itadaku" ni jíjẹ ẹni tí ó ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kí a má ṣe kọ́ méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n má baà dàrú mọ́ra, nítorí ẹni tí ó bá lo "meshiagaru" fún oúnjẹ tí òun fúnra rẹ̀ jẹ, ara rẹ̀ ni ó ń pè ní "ẹ" yẹn.