Nígbà tí Ikùn Kò Bá Dọ́gba Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Fífa Ọ̀rá

Iṣẹ́ abẹ fífa ọ̀rá ikùn jáde ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ní àwọn ìlú ńláńlá bí Èkó àti Àbújá. Ikùn tí ó tẹ́jú ni ẹni tí ó lọ ṣe é ń retí. Ṣùgbọ́n fún àwọn kan, nígbà tí ara bá jinná tán, kòtò àti gegele ni wọ́n ń rí nínú dígí: ibì kan wọnú, ibì kan yọ síta, tàbí kí apá kan tóbi ju èkejì lọ. Nínú gbogbo ìṣòro tí ó lè tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ yìí, àìdọ́gba ojú ara wà lára èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ. Kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń ba ọkàn ẹni tí ó ná owó ńlá lé e lórí jẹ́, ìbànújẹ́ yẹn ni ó sì ń sún àwọn kan láti sáré padà sábẹ́ ọ̀bẹ kí ó tó yẹ.

Láti mọ ìdí tí èyí fi ń ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí ènìyàn mọ bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Dókítà máa ń gba ojú ihò kéékèèké ti páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọ abẹ́ awọ, yóò sì máa tì í síwá sẹ́yìn bí ẹ̀rọ ti ń fa ọ̀rá jáde. Kò rí ibi tí ẹnu páìpù náà wà. Ọwọ́ rẹ̀ kejì tí ó gbé lé ikùn aláìsàn ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Yves-Gérard Illouz, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé, wà lára àwọn tí ó sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ní ọdún 1987, Jeffrey Klein, dókítà awọ ara ní Amẹ́ríkà, gbé àlàyé jáde nípa bí wọ́n ṣe lè fi omi iyọ̀ tí a po mọ́ oògùn apàmọ̀lára àti oògùn tí ń mú iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì kún abẹ́ awọ kí fífa ọ̀rá tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yìí dín ẹ̀jẹ̀ tí aláìsàn ń pàdánù kù gan-an. Àmọ́ omi yẹn kan náà ń mú kí ikùn wú lọ́wọ́ iṣẹ́, tí ó fi ṣòro fún dókítà láti rí ìrísí tí ikùn yóò ní nígbà tí omi bá fà.

Ọ̀rá ikùn pín sí ìpele méjì, èyí tí ó fara ti awọ àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀. Bí páìpù bá sún mọ́ awọ jù, tí ó sì fa ọ̀rá òkè tán níbì kan, awọ ibẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, kòtò yóò sì yọ. Bí dókítà bá yára kúrò níbòmíràn, ọ̀rá yóò ṣẹ́kù, ibẹ̀ yóò ga. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ dókítà kò ní àbùkù, awọ ni kò lágbára mọ́. Awọ ikùn obìnrin tí ó ti bí ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí ti ẹni tí ó ti sanra púpọ̀ rí kí ó tó rù, lè má sún kì mọ́ bí ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ bá ti lọ. Yóò wá rọ̀ bí àpò tí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ kúrò.

Ohun àkọ́kọ́ tí dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò sọ fún ẹni tí ó bá mú ẹjọ́ ikùn wá ní oṣù kejì ni pé kí ó ní sùúrù. Wíwú tí ó tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ kì í lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Apá ọ̀tún lè fà ṣáájú apá òsì. Ibi tí ó le gbandi lábẹ́ awọ lè jẹ́ ẹran ara tí ń jinná, tí yóò rọ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ó lè tó oṣù mẹ́fà, àní ọdún kan gbáko, kí ìrísí ikùn tó fìdí múlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ kì í fi í gbà láti tún un ṣe kí oṣù mẹ́fà tó pé. Bí omi bá gbá jọ sábẹ́ awọ, èyí kò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà náà. Dókítà lè fi abẹ́rẹ́ fà á jáde. Aṣọ afúnra tí wọ́n fún aláìsàn wọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹ̀lú, nítorí pé bí ó bá ká jọ, ó lè fi ojú ìlà sílẹ̀ lára.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ìyá àgbà máa ń fi aṣọ ìnura tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná tẹ ikùn ìyá ọmọ tuntun kí ikùn lè wọlé. Ẹni tí ó bá rò pé irú ìtọ́jú yìí lè tẹ́ ikùn tí wọ́n fa ọ̀rá rẹ̀ ń fi ara rẹ̀ wewu. Awọ ibẹ̀ lè kú tipiri fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù púpọ̀, omi gbígbóná yóò sì ti bó o kí ẹni náà tó mọ̀ pé ó ń jó òun.

Bí àsìkò bá ti pé, àyẹ̀wò fínnífínní ni ó kàn, nítorí àìsàn kan kọ́ ni gbogbo àìdọ́gba. Aláìsàn yóò dúró, yóò jókòó, yóò dùbúlẹ̀, yóò fún iṣan ikùn rẹ̀ le. Dókítà yóò tan iná láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji lè fi ibi tí ó wọnú hàn, yóò sì fi ìka méjì mú awọ. Bí ibi tí ó ga bá nípọn láàárín ìka, ọ̀rá tí ó ṣẹ́kù ni. Bí kòtò bá ń jìn sí i nígbà tí iṣan bá le, ó ṣeé ṣe kí awọ ti lẹ̀ mọ́ iṣan. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́jú nígbà tí wọ́n bá fa awọ sókè, sísọ̀ ni awọ sọ̀. Bí ibì kan bá yọ síta nígbà tí aláìsàn bá húkọ́, ó lè jẹ́ ìpá, èyíinì ni kí ìfun máa gba ojú ibi tí ó rọ̀ lára ògiri ikùn yọ. Páìpù kò gbọ́dọ̀ dé irú ibẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn mìíràn sì wà tí ikùn wọn tóbi lápapọ̀ ṣùgbọ́n tí ọ̀rá abẹ́ awọ wọn kò tó nǹkan. Àárín ìfun lọ́hùn-ún ni ọ̀rá tiwọn wà, kò sì sí iṣẹ́ abẹ ìfàrá tí ó lè kó o.

Gegele rọrùn láti tún ṣe ju kòtò lọ. Bí ọ̀rá bá ṣẹ́kù síbì kan, wọ́n lè fi páìpù tí ó kéré ju ti àkọ́kọ́ lọ fa ìwọ̀nba jáde, nígbà mìíràn pẹ̀lú oògùn apàmọ̀lára ojú ibẹ̀ nìkan. Àṣìṣe tí ó burú jù ni kí ènìyàn fẹ́ fi fífa ọ̀rá tún kòtò ṣe, kí wọ́n máa rẹ àyíká sílẹ̀ títí yóò fi bá kòtò dọ́gba. Ó dà bí onígbàjámọ̀ tí ó fẹ́ mú ẹ̀gbẹ́ orí méjèèjì ṣe déédéé, tí ó fi fá a dé ìpàkó.

Kíkún ni wọ́n ń kún kòtò. Dókítà yóò fa ọ̀rá láti itan tàbí ìhà aláìsàn fúnra rẹ̀, yóò sẹ́ ẹ̀jẹ̀ àti omi kúrò lára rẹ̀, yóò sì fi abẹ́rẹ́ kékeré tò ó díẹ̀díẹ̀ sí ìpele púpọ̀ lábẹ́ awọ. Ìdí tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀ ni pé ọ̀rá tí wọ́n gbìn kò ní ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ara tí ó yí i ká ni yóò máa bọ́ ọ títí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun yóò fi dé. Bí wọ́n bá dà á jọ ní òkìtì, àárín rẹ̀ yóò kú, yóò sì di kókó líle tàbí àpò òróró. Níbi tí awọ ti lẹ̀ mọ́ iṣan, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tú u kúrò, kí wọ́n sì fi ọ̀rá sí àárín kí ó má baà tún lẹ̀. Bí ó ti wù kí dókítà mọṣẹ́ tó, apá kan nínú ọ̀rá tí wọ́n gbìn yóò yọ́ lọ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá ṣe ìlérí pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò tó kò sọ òtítọ́ tán.

Fún awọ tí ó sọ̀, fífa ọ̀rá àti gbíngbìn rẹ̀ kò lè tó. Gígé awọ tí ó pọ̀ jù kúrò ni ó ń tún un ṣe, wọ́n sì lè rán iṣan ikùn tí ó ti ya sọ́tọ̀ nígbà oyún pọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni èyí. Ó ń fi àpá gígùn sílẹ̀ nísàlẹ̀ ikùn, àpá tí ń ga sókè sì wọ́pọ̀ lára ènìyàn dúdú. Obìnrin tí ó ṣì fẹ́ bímọ ni wọ́n sábà máa ń gbà nímọ̀ràn pé kí ó dá a dúró. Àwọn ẹ̀rọ tí ń mú abẹ́ awọ gbóná lè ran awọ tí ó sọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́. Ní ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ó ń yọ́ ọ̀rá, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn irú rẹ̀ kan ní ọdún 2015 fún ọ̀rá abẹ́ àgbọ̀n nìkan, kì í ṣe fún ikùn. Ní ọdún 2023, àjọ náà kìlọ̀ nípa àwọn tí a kò fọwọ́ sí, nítorí pé wọ́n ti fi àpá àti kókó sí àwọn ènìyàn lára.

Ewu iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ọ̀nà kan: àpá inú ti mú kí abẹ́ awọ le, páìpù sì ń fẹ́ agbára púpọ̀ kí ó tó kọjá, ó sì lè tipa bẹ́ẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà. Àwọn ọmọ Nàìjíríà kò tíì gbàgbé ohun tí yíyà bẹ́ẹ̀ lè fà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, Stella Ọbásanjọ́, aya ààrẹ ìgbà náà, kú ní orílẹ̀-èdè Spain lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ìṣaralóge. Ilé ẹjọ́ ibẹ̀ dá dókítà náà lẹ́bi ní ọdún 2009, nítorí pé páìpù ìfàrá wọ inú ikùn lọ́hùn-ún, ó sì ṣe ìfun àti ẹ̀dọ̀ léṣe.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àtúnṣe lè béèrè lọ́wọ́ àjọ MDCN bóyá orúkọ dókítà náà wà nínú ìwé wọn, kí ó sì rí i dájú pé iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara gan-an ni ó kọ́. Àwọn ẹ̀ka tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí wà ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn àti ilé ìwòsàn eegun ti Igbóbì ní Èkó. Dókítà kejì yóò fẹ́ mọ iye lítà tí wọ́n fà jáde nígbà àkọ́kọ́, oògùn tí wọ́n lò, àti bí ikùn ti rí nínú fọ́tò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ìjà bá tilẹ̀ ti wà láàárín aláìsàn àti ilé ìwòsàn àkọ́kọ́, ìwé Ẹ̀tọ́ Àwọn Aláìsàn tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní ọdún 2018 fún un ní ẹ̀tọ́ láti gba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.